Bí A Bá Ń Sunkún, A Máa Ń Ríran: Nígbà Tí Ọ̀fọ̀ Bá Sọ Ènìyàn Di Ọ̀gá Iṣẹ́ Tí Kò Mọ̀

ÌBÉÈRÈ KÌÍNÍ

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mà. Ó di oṣù mẹ́rin báyìí tí ọkọ mi ti jáde láyé. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni àìsàn kì í mọ́lẹ̀, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti lọ. Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti fi ń tọ́jú aláìsàn, n kò sì ṣe iṣẹ́ mìíràn rí. Ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni ọkọ mi ní. Òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án ni ó wà níbẹ̀. Ìwé ilé ẹ̀kọ́, ìwé ìkéde àti páálí ọjà ni wọ́n ń tẹ̀. Láti ìgbà tí a ti sin ín, èmi ni gbogbo wọn ń wò lójú. Bí mo bá wọlé síbẹ̀, ariwo ẹ̀rọ á bò mí mọ́lẹ̀, wọn á máa sọ̀rọ̀ nípa ìwọ̀n bébà àti àwo ìtẹ̀wé bí ẹni ń sọ èdè mìíràn, èmi á sì máa mi orí bí ẹni tí ó gbọ́.

Mo rí ìwé kan nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ: orúkọ àwọn ènìyàn, iye owó, àti àmì pupa róbótó ní ẹ̀gbẹ́ orúkọ àwọn kan. N kò mọ ohun tí àmì náà dúró fún. Àwọn kan ní kí n ta ilé iṣẹ́ náà kíá. Àwọn mìíràn ní bí mo bá tà á, á dà bí ìgbà tí mo tún sin ọkọ mi lẹ́ẹ̀kejì. Ọkùnrin kan tí ó ní irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wá dá owó lé e, ó ní òun fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì láti fèsì. Ó wù mí kí n gbìyànjú rẹ̀, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé ẹni tí kò mọ iṣẹ́ lè jẹ́ ọ̀gá fún àwọn tí ó mọ̀ ọ́n? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ọ̀fọ̀, arábìnrin wa, ẹ sì kú ìrọ́jú. Kí n tó dé orí iṣẹ́ náà rárá, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ọkùnrin ọlọ́sẹ̀ méjì yẹn. Ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú sí i pé ẹ ti gbọ́ ohun tí ó wí, pé ọ̀rọ̀ ohun ìní olóògbé ṣì wà lọ́wọ́ agbẹjọ́rò, àti pé ẹ ó kàn sí i nígbà tí ẹ bá ṣe tán. Ẹni tí ó fẹ́ rajà tòótọ́ yóò dúró. Ẹni tí kò bá lè dúró, a jẹ́ pé ìbànújẹ́ yín ni ó fẹ́ fi ra ilé iṣẹ́ náà ní ọ̀pọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹni tí òfin kò tíì fún ní àṣẹ láti ṣàkóso ohun ìní olóògbé kò ní agbára láti ta nǹkan kan nínú rẹ̀. Bí ẹ bá tilẹ̀ fọwọ́ sí ìwé fún un lónìí, ìwé náà lè má dúró lọ́la, ẹjọ́ tí yóò sì tẹ̀ lé e, ẹ̀yin ni yóò dà lé lórí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ju ohun gbogbo lọ ni pé àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà níwájú yín pín sí ọ̀nà méjì: èyí tí kò lè dúró, àti èyí tí ó gbọ́dọ̀ dúró. Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, iṣẹ́ tí oníbàárà ti san àsansílẹ̀ lé lórí, owó orí tí ọjọ́ rẹ̀ ti pé, ìwé adójútòfò tí ó fẹ́ parí, gbogbo ìwọ̀nyí kò mọ̀ pé ẹnì kan ń ṣọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tà á tàbí kí ẹ má tà á, kí ẹ kọ̀wé fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, kí ẹ yá owó ra ẹ̀rọ tuntun, kí ẹ dá ẹnì kan dúró lẹ́nu iṣẹ́, ìyẹn lè dúró, ó sì yẹ kí ó dúró. Àṣìṣe tí mo rí jù lọ́wọ́ àwọn tí ọ̀fọ̀ sọ di ọ̀gá ni pé wọ́n máa ń fi ọ̀kan sí ipò èkejì: wọ́n á sáré ṣe ìpinnu ńlá nítorí pé ọkàn wọn ń jó, wọ́n á sì fi ìwé owó orí sílẹ̀ nínú àpò rẹ̀ láìṣí i, nítorí pé orúkọ olóògbé ni ó wà lára rẹ̀, wọn kò sì lè gbójú wò ó.

Ní ọdún 1967, àwọn oníṣègùn ọpọlọ méjì ní Amẹ́ríkà, Thomas Holmes àti Richard Rahe, ṣe òṣùwọ̀n kan láti fi mọ bí ìyípadà inú ayé ṣe ń wọ ènìyàn lára tó. Ikú ọkọ tàbí aya ni wọ́n fi sí òkè pátápátá, wọ́n sì fún un ní 100. Àtúntò ńlá nínú okòwò gba 39, ìyípadà nínú ipò owó gba 38, bíbọ́ sídìí iṣẹ́ tí ó yàtọ̀ gba 36. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ rù láàárín oṣù mẹ́rin. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 213. Mo ṣe ìṣirò yìí kí ẹ lè mọ̀ pé bí ẹ bá ka ojú ìwé kan ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí ó tó yé yín, kì í ṣe pé orí yín kò pé. Ẹrù ni ó wúwo. Nítorí náà, ẹ fi òfin méjì lélẹ̀ fún ara yín: ẹ kò ní fọwọ́ sí ìwé kankan ní ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e wá, ẹ kò sì ní fọwọ́ sí èyí tí ẹlòmíràn tí ẹ fọkàn tán kò bá yín kà.

Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí pé kí ẹ tà á tàbí kí ẹ má tà á. Ẹ bi í pé irú nǹkan wo gan-an ni ọkọ yín fi sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé òun nìkan ni ó ń ṣòwò náà ní orúkọ ara rẹ̀ láìdá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, òun àti òwò náà kò yàtọ̀ síra: ohun ìní òwò náà di ara ogún, gbèsè rẹ̀ sì di gbèsè tí a óò kọ́kọ́ san nínú ogún náà kí ajogún tó fọwọ́ kan nǹkan. Bí ó bá jẹ́ àjọṣepọ̀ pẹ̀lú ẹlòmíràn ni, ikú ẹnì kan máa ń tú àjọṣepọ̀ ká lábẹ́ òfin ọ̀pọ̀ ilẹ̀, àfi bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé kò ní tú. Bí ó bá sì jẹ́ kọ́ńpìnnì tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni, ara ọ̀tọ̀ ni, kò bá ọkọ yín kú. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fìdí èyí múlẹ̀ láti ọdún 1897 nínú ẹjọ́ oníbàtà kan tí ń jẹ́ Salomon, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì ń tẹ̀ lé e títí di òní. Ìpín ọkọ yín nínú kọ́ńpìnnì náà ni ẹ óò jogún. Ẹ tún bèèrè bóyá ó fi orúkọ ara rẹ̀ tàbí ilé tí ẹ ń gbé ṣe onídùúró fún owó kankan ní báǹkì, torí pé ibẹ̀ ni gbèsè kọ́ńpìnnì ti máa ń yọ́ wọ inú ilé. Kí ẹ sì bèèrè nípa ìwé àṣẹ: àwọn ìwé àṣẹ kan wà tí ìjọba fún ènìyàn, kì í ṣe ilé iṣẹ́, wọ́n sì ti bá a lọ.

Àwọn kan yóò wá bá yín pé olóògbé jẹ àwọn lówó. Òótọ́ ni àwọn kan yóò máa sọ. Nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin kú, tí mo bọ́ sórí àga rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi igi ṣe ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ọkùnrin kan wọlé wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó sunkún pẹ̀lú mi, ó nu ojú rẹ̀, ó wá fa ìwé méjì tí a ká yọ lápò, ó ní owó pákó ni. Ojú tì mí láti bi í léèrè ọ̀rọ̀ níwájú àwọn òṣìṣẹ́. Mo san án lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, níbi tí mo ti ń to fáìlì, mo rí rìsíìtì tí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí pé owó náà ti pé lọ́wọ́ òun, ó ku oṣù kan gbáko kí àbúrò mi tó kú. Títí di òní, n kò lè sọ bóyá ó gbàgbé ni tàbí ó mọ̀ ọ́n mọ̀. Ẹ máa sọ fún gbogbo ẹni tí ó bá wá, tẹ̀ríntẹ̀rín, pé kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n ń bèèrè sílẹ̀, kí wọ́n so ẹ̀rí mọ́ ọn, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí agbẹjọ́rò. Onígbèsè olóòótọ́ tí ó wá san tirẹ̀ náà yóò wà, bí wọn kò tilẹ̀ pọ̀. Ẹ fún un ní rìsíìtì, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ìwé tí ẹ rí nínú dúrọ́ọ̀ ńkọ́? Wúrà ni, àmọ́ wúrà tí a kò tíì yọ́. Martha Coston, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, bá irú rẹ̀ pàdé nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú ní ọdún 1848 tí ó sì fi í sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké. Nínú ìwé tí ọkọ náà fi sílẹ̀ ni ó ti rí àwòrán iná aláwọ̀ tí àwọn ọkọ̀ ojú omi lè fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ lóru. Kò mọ nǹkan kan nípa kẹ́míkà. Ohun tí ọkọ rẹ̀ kọ sílẹ̀ kò pé. Nígbà tí wọ́n dán an wò, kò ṣiṣẹ́. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ni ó fi wá àwọn tí ó mọ iná aláràbarà kiri, ó ń kọ lẹ́tà sí wọn, ó ń san owó ìdánwò, títí tí wọ́n fi rí ẹ̀kẹta nínú àwọ̀ mẹ́ta tí iná náà nílò, èyí tí ó mọ́lẹ̀ tó. Ní ọdún 1859 ni ó gba ìwé tí ìjọba fi ń dáàbò bo ohun tí ènìyàn hùmọ̀. Orúkọ ọkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùhùmọ̀, wọ́n sì kọ orúkọ tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alákòóso ohun ìní olóògbé. Iná náà ni àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ń lò nígbà ogun abẹ́lé wọn. Ìwé olóògbé ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ẹnu àwọn alààyè ni ó fi parí rẹ̀.

Nípa àmì pupa yín, ẹ mú orúkọ márùn-ún tí àmì wà lára wọn àti márùn-ún tí àmì kò sí lára wọn, kí ẹ gba àkọsílẹ̀ báǹkì ọdún kan sẹ́yìn, kí ẹ wo ọjọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gba iṣẹ́ àti ọjọ́ tí ó san owó. Mo fura pé àwọn tí ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó sanwó ni, tàbí àwọn tí ọkọ yín kò fẹ́ fún ní àwìn mọ́. Ẹ má ṣe bi òṣìṣẹ́ léèrè kí ẹ tó wò ó fúnra yín. Kí ẹ wò ó tán, kí ẹ wá bi í, kí ẹ sì fi èsì rẹ̀ wé ohun tí ẹ rí. Lọ́nà yìí, ẹ ó mọ ìtumọ̀ àmì náà, ẹ ó sì mọ irú ẹni tí òṣìṣẹ́ náà jẹ́.

Wàyí o, ṣé ẹni tí kò mọ iṣẹ́ lè jẹ́ ọ̀gá? Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún mọ́kàndínlógún ni ó yẹ kí ẹ dá mi lóhùn. Ẹ kì í ṣe oníṣẹ́ abẹ. Síbẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé aláìsàn ń burú sí i, nítorí pé ẹ ń wo ooru ara, lílù ọkàn, èémí àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní wákàtí sí wákàtí, ẹ sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà ní irú nǹkan mẹ́rin bẹ́ẹ̀: iye owó tí ó wà nílẹ̀ lónìí, iye tí àwọn ènìyàn jẹ yín àti ọjọ́ tí wọn yóò san, iye tí ẹ jẹ àwọn ènìyàn àti ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ san, àti iye iṣẹ́ tí ó ṣì wà lọ́wọ́. Ẹ ya ìlà mẹ́rin sórí bébà kan, kí ẹ máa kọ wọ́n ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ìlà kan yóò ti máa sọ̀ kalẹ̀ níbi tí kò yẹ, ẹ ó sì rí i kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn atẹ̀wé yín tó rí i, nítorí ẹ̀rọ ni wọ́n ń wò.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ èrè tàn yín jẹ. Ilé ìtẹ̀wé máa ń ra bébà àti tàdáwà, á sì san owó òṣìṣẹ́, kí oníbàárà tó mú owó wá. Ká ní iṣẹ́ kan yóò mú 100 wọlé, tí yóò sì ná yín ní 60. Èrè 40 wà nínú rẹ̀, ó sì dára. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá ní lẹ́yìn ọjọ́ 90 ni òun yóò sanwó, tí ẹ sì gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mẹ́ta pọ̀ ní oṣù kan, 180 ti jáde lápò yín kí ẹyọ owó kan tó padà wálé. Ilé iṣẹ́ tí ń jèrè lè ti ibẹ̀ dákú, ó sì máa ń ya àwọn olówó rẹ̀ lẹ́nu. Ẹ bẹ oníṣirò owó pé kí ó bá yín ṣe àkójọ owó tí yóò wọlé àti èyí tí yóò jáde fún ọ̀sẹ̀ 13 tí ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Owó iṣẹ́ tí ẹ óò san fún un yìí tọ́ sí i.

Ní ti àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án náà, ẹ pè wọ́n jọ, kí ẹ sọ òtítọ́ fún wọn: pé ẹ kò mọ iṣẹ́ náà, pé ẹ fẹ́ mọ̀ ọ́n, pé owó oṣù wọn yóò wọlé títí di ọjọ́ báyìí, kí ẹ má sì dárúkọ ọjọ́ tí owó kò tó. Ẹ jáwọ́ nínú mímì orí bí ẹni tí ó gbọ́. Òṣìṣẹ́ kì í kẹ́gàn ọ̀gá tí ó bá ní kí òun tún un sọ. Èyí tí ó bá ń díbọ́n ni wọ́n máa ń fi ẹ̀rín bò lójú, tí wọ́n á sì tú àṣírí rẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ lo ọjọ́ kan gbáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí ẹni tí ń gé bébà fi hàn yín bí a ṣe ń gé e. Kí ẹni tí ń po àwọ̀ jẹ́ kí ẹ fi ìka kan tàdáwà tí kò tíì gbẹ, kí ẹ rí bí ó ṣe ń fà. Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ẹnì kan tí ó mọ òwò náà látòkèdélẹ̀ tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín tí kì í sì í ṣe ẹni tí ó fẹ́ ra ilé iṣẹ́ yín, bóyá atẹ̀wé àgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì, kí ẹ máa sanwó fún un láti bá yín jókòó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Ohun tí bàbá ọkọ Barbe-Nicole Clicquot ṣe fún un ní ilẹ̀ Faransé nìyẹn. Ọdún 1805 ni ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí obìnrin náà jẹ́ ẹni ọdún 27, ó sì ní ọmọbìnrin kékeré kan. Bàbá ọkọ rẹ̀ ti fẹ́ pa òwò wáìnì náà tì pátápátá. Nígbà tí obìnrin náà bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí òun gbìyànjú, ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní dandan ni kí ó kọ́kọ́ bá ẹnì kan tí ó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ náà, Alexandre Fourneaux, ṣe é pọ̀ fún ọdún mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ti rí: ọdún mẹ́rin náà kò mú èrè wá, Fourneaux sì bá tirẹ̀ lọ nígbà tí àdéhùn wọn parí. Ẹ̀kọ́ ni ó rí gbà níbẹ̀, kì í ṣe owó. Ọdún 1814 ni ọjà rẹ̀ tó wọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà tí ó sì di ohun tí gbogbo ènìyàn ń wá. Ìyẹn ni pé ọdún mẹ́sàn-án wà láàárín ọ̀fọ̀ rẹ̀ àti ìṣẹ́gun rẹ̀, àwọn tí ń fi orúkọ rẹ̀ gba opó níyànjú kì í sì í ka ọdún wọ̀nyẹn.

Katharine Graham, tí ọkọ rẹ̀ fi ìwé ìròyìn The Washington Post sílẹ̀ fún ní oṣù kẹjọ ọdún 1963, di ọ̀kan nínú àwọn adarí ilé iṣẹ́ tí ó lókìkí jù ní Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, ní ọdún Kérésìmesì àkọ́kọ́ rẹ̀ níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé ńṣe ni òun ń fi bí òun ṣe máa kí àwọn òṣìṣẹ́ kú ọdún dánra wò, nítorí ẹ̀rù tí ń bà á. Ìkíni lásán! Bí àyà yín bá ń já bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ náà, kì í ṣe àmì pé ẹ kò yẹ fún un.

Ẹ mú ọjọ́ kan nínú kàlẹ́ńdà, bí ọdún kan sí ọjọ́ tí ọkọ yín kú, kí ẹ sì pinnu pé ọjọ́ náà ni ẹ óò dáhùn ìbéèrè títà tàbí àìtà. Kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ yín bí ó bá ṣeé ṣe tàbí kí ẹ dín wákàtí kù, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi í sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí kò ní í rà á díye lé ilé iṣẹ́ náà. Bí ìlà mẹ́rin yẹn bá fi hàn pé owó ń gbẹ kí ọjọ́ náà tó dé, ẹ má dúró mọ́. Ní ti ohun tí wọ́n sọ fún yín pé títà rẹ̀ dà bí sísin ọkọ yín lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀rọ̀ ìkà ni, bí ẹni tí ó sọ ọ́ kò tilẹ̀ mọ̀. Ọkọ yín ni ó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀; ilé iṣẹ́ náà kì í ṣe ọkọ yín. Ẹ lè tà á kí ẹ sì fẹ́ràn rẹ̀ títí láé, ẹ sì lè dì í mú láìjẹ́ pé ìfẹ́ ni ó mú yín ṣe é.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ

Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Ọdún tó kọjá ni mo pàdánù ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo. Ó ń kọ́ nípa sísin oyin, ó sì fi ilé oyin mẹ́rin sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé mi. Iṣẹ́ iná mànàmáná ni mo ṣe títí tí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo fẹ́ kó gbogbo owó ìfẹ̀yìntì mi lé e, kí n ra ilé oyin àádọ́ta, kí n sì fi orúkọ rẹ̀ pe òwò náà. Ìyàwó mi ní kí n rọra. Kí ni ẹ rí sí i?

ÌDÁHÙN

Ẹ kú àmúmọ́ra, bàbá. Kí òbí sin ọmọ kò ní orúkọ, n kò sì ní díbọ́n pé mo ní ọ̀rọ̀ tí ó tó o. Ṣùgbọ́n mo wà lẹ́yìn ìyàwó yín.

Ilé oyin mẹ́rin tó yín fún ọdún kan. Ilé kan ṣoṣo, nígbà tí ó bá kún, lè ní oyin tí ó ju 50,000 lọ. Oyin òṣìṣẹ́ kì í lò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ láyé ní àsìkò tí iṣẹ́ pọ̀, nítorí náà, ohun tí ẹ rí nínú ilé náà lónìí kọ́ ni ẹ óò bá níbẹ̀ ní oṣù méjì òní. Ẹ ní láti rí bí ilé mẹ́rin náà ṣe ń la gbogbo àsìkò inú ọdún kọjá: ìgbà tí òdòdó pọ̀, ìgbà tí kò sí, ìgbà tí agbo oyin pín sí méjì tí ìdajì sì fò lọ, ìgbà tí kòkòrò ara oyin tí wọ́n ń pè ní varroa bá dé. Ẹni tí kò tíì rí ìwọ̀nyí ní ilé mẹ́rin, tí ó wá ra àádọ́ta, ẹ̀kọ́ kan náà ni yóò kọ́, àmọ́ owó rẹ̀ yóò ju ìlọ́po mẹ́wàá lọ. Kí ẹ sì lọ rí dókítà nípa bí oró oyin ṣe rí nínú ara yín kí ẹ tó ṣí ilé kankan, nítorí àwọn kan wà tí ẹyọ kan ṣoṣo lè pa.

Ẹ tún wá ẹni tí yóò ra oyin náà kí ẹ tó wá ohun tí ẹ óò tà. Oníṣẹ́ iná ni yín. Ẹ kì í fa wáyà sínú ilé kí ẹ tó mọ ibi tí iná yóò ti wá. Ẹ bá ènìyàn mẹ́wàá tí ń ra oyin púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan sọ̀rọ̀, kí ẹ bèèrè irú ìgò, irú ìwọ̀n, àti bí wọ́n ṣe ń sanwó. Owó tí ẹ bá kó lé e gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹ̀yin méjèèjì ti jókòó pinnu pé bí ó bá ṣègbé, ilé yín kò ní wó. Mo fi ọwọ́ sí ọ̀rọ̀ ìyàwó yín nítorí nǹkan mìíràn pẹ̀lú: òun náà ni ó pàdánù ọmọ yìí, owó ìfẹ̀yìntì náà sì ni yóò jẹ ní ọjọ́ ogbó rẹ̀.

Ní ọdún 1999, àwọn onímọ̀ méjì ní ilẹ̀ Netherlands, Margaret Stroebe àti Henk Schut, ṣàlàyé pé ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ a máa lọ síwá, a máa bọ̀ sẹ́yìn: lónìí, ó dojú kọ àdánù náà, ó sunkún, lọ́la, ó dojú kọ ìgbé ayé tuntun, ó ń ṣiṣẹ́, méjèèjì ni ara sì nílò. Mo bẹ̀rù pé ẹ fẹ́ fi ilé oyin àádọ́ta dí ojú ọ̀nà tí omijé ń gbà kọjá. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọjọ́ kan wà tí ẹ óò lọ sí ẹ̀yìnkùlé láìmú irinṣẹ́ kankan lọ́wọ́, tí ẹ óò kàn jókòó. Nípa orúkọ, ẹ má tíì fi pe òwò náà. Òwò lè kùnà láìjẹ́ ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, n kò sì fẹ́ kí ó di ọjọ́ tí ẹ óò máa ka orúkọ ọmọ yín lára ìwé gbèsè. Ẹ fi orúkọ rẹ̀ pe ọ̀kan nínú àwọn ilé mẹ́rin náà báyìí. Ẹ kọ ọ́ sára rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà.

ÌBÉÈRÈ KẸTA

Ẹ̀gbọ́n mi ni ó kú, èmi ni mo wá ń darí ilé ìtọ́jú àwọn ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ tí n kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àwọn oníbàárà ṣì ń pe fóònù rẹ̀, wọ́n á ní àwọn fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Bí ó bá ti dún, ara mi á bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Ṣé kí n pa nọ́ńbà náà tì?

ÌDÁHÙN

Ẹ má pa á tì, ọmọ ìyá. Nọ́ńbà yẹn ni ilẹ̀kùn tí ọ̀pọ̀ oníbàárà mọ̀, bí ẹ bá sì tì í, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni wọn yóò gbà lọ. Ẹ gbé fóònù náà fún òṣìṣẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ tutù títí di ìgbà tí ẹ óò lè gbé e fúnra yín. Ẹ kọ ohun tí yóò máa sọ sórí bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè tábìlì, kí ó má baà wá ọ̀rọ̀ tì: «Ó dùn wá láti sọ fún yín pé ọ̀gá wa ti dolóògbé. Àbúrò rẹ̀ ni ó ń bójú tó iṣẹ́ báyìí, àwọn tí ń ṣe é fún yín tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbí. Kí ni ẹ̀rọ yín ń ṣe?» Ẹnì kan lè bú sẹ́kún ní òdìkejì. Kí òṣìṣẹ́ náà jẹ́ kí ó sunkún tán, kí ó tó tún bi í léèrè ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe.